Àtúnṣe òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá fún ààbò àti adùn eré

Àtúnṣe òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni àwọn ìyípadà tí àwọn aláṣẹ eré náà ti ṣe, tàbí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti oníṣègùn ń béèrè fún, kí ìfarapa lè dín kù lórí pápá, kí eré sì lè dùn ún wò. Òfin 17 ni bọ́ọ̀lù ní. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní IFAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1886, ló ní àṣẹ láti fi kún wọn tàbí láti yọ kúrò nínú wọn. Ìbò mẹ́jọ ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà: àjọ bọ́ọ̀lù England, Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ìbò kọ̀ọ̀kan, FIFA tó ń ṣojú gbogbo àgbáyé yòókù sì ní mẹ́rin. Ìbò mẹ́fà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn kí òfin kan tó lè yí padà, nítorí náà FIFA kò lè dá ṣe é, àwọn mẹ́rin yòókù náà kò sì lè dá ṣe é.

Àwọn tó ń sọ pé ààbò ń ba adùn eré jẹ́ ti wà láti ìgbà tí òfin bọ́ọ̀lù ti wà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ kan péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí ọdún 1863 láti kọ òfin àkọ́kọ́, ohun tó dá ìyapa sílẹ̀ láàárín wọn ni bóyá kí agbábọ́ọ̀lù ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta alátakò rẹ̀ nípàá ní ojúgun. F. M. Campbell, aṣojú ẹgbẹ́ Blackheath, takú pé bí wọ́n bá fòfin de ìpá títa, ìgboyà yóò kúrò nínú eré, àwọn ará Faransé tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan péré kọ́ ọ yóò sì máa borí àwọn ọmọ England. Ìbò kò gbè é, Blackheath sì yọwọ́ nínú àjọ tuntun náà. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tó dá àjọ rọ́gbì sílẹ̀ ní ọdún 1871, àmọ́ àjọ rọ́gbì fúnra rẹ̀ fòfin de ìpá títa lọ́dún yẹn kan náà. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń ka ìtàn òfin bọ́ọ̀lù fi èyí sọ́kàn, nítorí irú ọ̀rọ̀ tí Campbell sọ máa ń jáde ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dáàbò bo ara agbábọ́ọ̀lù.

Pẹnáritì wọ inú òfin ní ọdún 1891, lẹ́yìn tí aṣọ́lé ọmọ Ireland kan, William McCrum, ti dá a lábàá, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn lè yé mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sílé ṣubú. Káàdì yẹ́lò àti káàdì pupa bẹ̀rẹ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1970 ní Mexico. Ken Aston, rẹfirí ọmọ England, ló ro ó nítorí ìdàrúdàpọ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín England àti Argentina ní ọdún 1966, nígbà tí kò yé gbogbo ènìyàn ẹni tí rẹfirí ti kìlọ̀ fún. Ìbòjúgun di dandan ní ọdún 1990.

Àtúnṣe tó yí adùn eré padà jù lọ láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni ti ọdún 1992, tó kan bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù bá dá padà sí aṣọ́lé tirẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ kan bá ti gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wọn á rọra ti bọ́ọ̀lù sí aṣọ́lé, aṣọ́lé á fọwọ́ gbé e, á gbá a gbirigbiri díẹ̀, á yí i padà sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ẹni náà á sì tún dá a padà fún un, títí àkókò á fi lọ. Kò sí ohun tí alátakò lè ṣe sí i. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1990 ní Italy, bọ́ọ̀lù 115 péré ló wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 52, ìyẹn nǹkan bíi 2.21 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó kéré jù lọ nínú ìtàn ìdíje náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Egypt àti Ireland ní ìlú Palermo, tó parí sí ọ̀mì òdo sí òdo, wà lára èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù. Denmark náà lo ọgbọ́n yìí dáadáa nígbà tí wọ́n na Jámánì ní àmì ayò méjì sí òdo láti gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù Kẹfà ọdún 1992. Lẹ́yìn èyí ni òfin sọ pé aṣọ́lé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Àwọn aṣọ́lé ráhùn, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ́kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù sí àárín àwọn òǹwòran. Lóde òní, aṣọ́lé tí kò bá mọ ẹsẹ̀ lò kò lè ríṣẹ́ ní ẹgbẹ́ ńlá. Ní ọdún 1994, bọ́ọ̀lù 141 ló wọlé nínú iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ẹni tó bá borí lọ́dún náà kó ipa tirẹ̀.

Ní ọdún 1998, òfin tún sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá yọ alátakò lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́nà tó lè ṣe é léṣe gbọ́dọ̀ gba káàdì pupa. Èyí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àtúnṣe tí ààbò àti adùn ti jọ rìn pọ̀ láìṣiyèméjì: kókósẹ̀ àwọn atamátàsé rí ìsinmi, àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ún dárà sì rí àyè láti dá a.

Ìfarapa orí ni ọ̀rọ̀ tó wà lójú báyìí. Bí orí bá gbá nǹkan gidigidi, ọpọlọ a máa mì nínú agbárí, ẹni náà sì lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìmọ ibi tó wà. Èyí ṣẹlẹ̀ sí Christoph Kramer ti Jámánì nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014. Lẹ́yìn tí orí rẹ̀ gbá èjìká alátakò kan, ó ṣì wà lórí pápá fún bí ìṣẹ́jú 14, ó sì lọ bá rẹfirí Nicola Rizzoli láti bi í bóyá àṣekágbá ni wọ́n ń gbá. Jeff Astle, atamátàsé West Bromwich Albion tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹni tó mọ orí lò, kú ní ọdún 2002 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 59, adájọ́ tó ṣèwádìí ikú rẹ̀ sì sọ pé orí tó fi ń kan bọ́ọ̀lù léraléra ló fa àìsàn ọpọlọ tó pa á. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Glasgow gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀rí 7,676 ní Scotland. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn ọpọlọ bíi iyè ríra pa wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti fòfin de fífi orí kan bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ láti ọdún 2015. England, Scotland àti Northern Ireland fòfin dè é nígbà ìgbáradì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2020. Àwọn tó ń sọ pé ọmọdé kò ní gbádùn bọ́ọ̀lù láìlo orí lè wo mọ́nkí pọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbá ní àdúgbò Èkó àti Ìbàdàn: ilé rẹ̀ kò ga, bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀, èyí kò sì dín adùn rẹ̀ kù.

Fún àwọn àgbà, IFAB gbà láti ọdún 2024 kí ìdíje tó bá wù lè fàyè gba pípààrọ̀ ẹni tó bá farapa lórí láìka á mọ́ iye tí òfin fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè padà mọ́. FIFPRO, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, àti àwọn líìgì kan ń béèrè fún pípààrọ̀ ráńpẹ́ irú ti rọ́gbì, níbi tí oníṣègùn ti máa ń yẹ ènìyàn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó tó padà, IFAB kò sì tíì gbà. Ẹ̀rí àwọn tó ń béèrè lágbára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí dókítà fi ń wo ènìyàn lórí pápá, tí òǹwòran ń pariwo, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń dúró, kò tó láti mọ ohun tó ṣe ọpọlọ.

Òfin tó wá fún ìdájọ́ òdodo náà lè mú ewu wá. Láti ìgbà tí VAR, ìyẹn rẹfirí tó ń fi fídíò yẹ ìdájọ́ wò, ti dé, wọ́n sọ fún olùrànlọ́wọ́ rẹfirí pé kó dá àsíá dúró bí ọfúsáìdì kò bá hàn gbangba tí ìkọlù sì ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n má baà dá bọ́ọ̀lù tó tọ́ dúró. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Nottingham Forest ń kojú Leicester City, Anthony Elanga ti wà ní ọfúsáìdì kó tó gbá bọ́ọ̀lù wá sí ojú ilé, àmọ́ àsíá kò tètè gòkè. Taiwo Awoniyi, ọmọ bíbí Ìlọrin, na ẹsẹ̀ láti bá bọ́ọ̀lù náà, ó sì fi ikùn gbá òpó ilé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà sórí pápá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí àwọn dókítà sì fi oògùn mú un sùn fọnfọn kí ara rẹ̀ lè kọ́fẹ. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mú kí ọ̀pọ̀ máa béèrè pé kí àsíá máa gòkè kíá bí olùrànlọ́wọ́ bá ti rí ọfúsáìdì. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ń wí pé ẹ̀rọ tó ń fi kámẹ́rà yẹ ìlà wò yóò yanjú rẹ̀ láìyí òfin padà.

Ọ̀rọ̀ ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ òfin eré, ìlànà ìdíje ló kàn jù: àyẹ̀wò ọkàn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí, àti ọkọ̀ aláìsàn tó ṣeé wà. Samuel Okwaraji kú ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989 nígbà tí Nàìjíríà ń kojú Angola. Christian Eriksen ti Denmark ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Copenhagen ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹ̀rọ náà wà nítòsí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ti àkókò tó ń ṣòfò, ìwé àbá tí IFAB gbé jáde ní ọdún 2017 dábàá kí ìlàjì kọ̀ọ̀kan di ìṣẹ́jú 30, kí aago sì máa dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù kò bá sí nínú eré, bí wọ́n ti ń ṣe ní futsal, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nínú gbọ̀ngàn. Wọn kò tíì gbà á. Ní Qatar ní ọdún 2022, àwọn rẹfirí fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú 27 kún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ England àti Iran, apá ńlá rẹ̀ nítorí ìfarapa orí tó kan aṣọ́lé Iran, Alireza Beiranvand, ẹni tó gbìyànjú láti máa bá eré lọ kí wọ́n tó gbé e jáde. Láti sáà 2025/26, aṣọ́lé tó bá di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ yóò fún alátakò ní kọ́nà, rẹfirí yóò sì gbé ọwọ́ sókè láti ka márùn-ún tó kẹ́yìn. Òfin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tó wà tẹ́lẹ̀ kò níṣẹ́, nítorí pé ìyà tó wà nínú rẹ̀ le débi pé ojú máa ń ti rẹfirí láti fi í jẹni.

Ní ìdíje ife ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 2024, balógun ẹgbẹ́ nìkan ló láṣẹ láti bá rẹfirí sọ̀rọ̀ lórí ìdájọ́ ńlá. Ní England, láti sáà 2019/20, ẹni tó bá bá rẹfirí ṣe gbólóhùn asọ̀ ní ìpele àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí àbá wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 pé kí irú ìyà yìí dé àwọn ìpele tó ga pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ búlúù, ààrẹ FIFA, Gianni Infantino, kọ̀ ọ́ pátápátá.