Ṣé bí a bá ti fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ, ẹjọ́ tán?

Inú ọkọ̀ kan tó ń ti Lágéré bọ̀ ní Mayfair, nílùú Ifẹ̀, ni mo ti tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ sí. Ìyá kan ń gba ẹnì kejì ẹ̀ nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ abẹ ìju, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọbìnrin ìyẹn. "Ẹ má jẹ́ kó yá a lára láti fọwọ́ síwèé o. Tó bá ti fọwọ́ sí i báyìí, bí wọ́n bá pa á, wọ́n pa á gbé nìyẹn." Dírẹ́bà dá sí i, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, òun mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ta kò wọ́n. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan, torí mo mọ̀ pé ibi tí mò ń lọ, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni màá bá níbẹ̀, lẹ́nu àwọn tó fẹ́ di dókítà.

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì ní òfin àti ìlànà ìwà tó de iṣẹ́ wọn. Bí sáà bá wọlé, ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé: kí ni wọ́n ń gba ìbuwọ́lù aláìsàn fún kó tó wọ tíátà? Ìdáhùn kan ló máa ń ṣíwájú. "Kí wọ́n má bàa lè pe dókítà lẹ́jọ́ ni, mà." Ẹni tó dáhùn á sì máa wo ojú mi bí ẹni tó ti gba máàkì. Ìyá inú ọkọ̀ àti ọmọ tó wọ aṣọ funfun di ìgbàgbọ́ kan náà mú. Ìyá ń tìtorí ẹ̀ sá fún iṣẹ́ abẹ tó lè gba ọmọ ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ aláṣọ funfun ní tiẹ̀ fi ìwé ṣe ìrọ̀rí, ó sùn lé e. Tiẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹjọ́. Iṣẹ́ ni aláìsàn gbà pé kí wọ́n ṣe, kò gbà pé kí wọ́n bà á jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ilé òṣómàáló ni wọ́n bí mi sí, àwọn tó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó á fi jáde. Ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ wọn ti gbà pé òun á sanwó. Kò gbà pé kí kòkòrò ti jẹ aṣọ náà kó tó dọ́wọ́ òun. Bó bá tú u tó rí ihò, ẹnu ẹ̀ ṣì gbọ̀rọ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.

Bí òfin ṣe rí náà nìyẹn. Òfin ìwà ọ̀daràn tá à ń lò níhà gúúsù Nàìjíríà dáàbò bo oníṣẹ́ abẹ tó fi ọkàn tó mọ́ ṣiṣẹ́ fún àǹfààní aláìsàn, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ó gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra àti ìmọ̀ tó yẹ. Ìbuwọ́lù kì í rọ́pò ìṣọ́ra. Dókítà tó gbàgbé òwú sínú ikùn, tàbí tó la ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tó jẹ́ tòsì ló ń dùn, kò lè na fọ́ọ̀mù síwájú adájọ́ pé aláìsàn ti gbà. Wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ kó sanwó ìtanràn fún ẹni tó ṣe léṣe, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ MDCN tó ń ṣàkóso àwọn dókítà sì lè dá a dúró tàbí kó yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì náà, torí àwa èèyàn máa ń yára pe gbogbo ikú ní "wọ́n pa á". Ẹ̀jẹ̀ lè ya ju bó ṣe yẹ lọ, ara ẹlòmíì lè kọ abẹ́rẹ́ amúnisùn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí kò tọ́. Ewu tí dókítà ti là kalẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì sa gbogbo ipá ẹ̀ lé lórí, yàtọ̀ sí àìbìkítà.

Ìlàkalẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin ètò ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, sọ ohun tí oníṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀: ipò tí ara ẹ̀ wà, onírúurú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tí wọ́n máa ná an, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, pẹ̀lú ohun tó lè tẹ̀yìn kíkọ̀ náà yọ. Òfin náà tún ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó yé aláìsàn ni kí wọ́n fi sọ ọ́, kí wọ́n sì wo bí ìwé ẹ̀ ṣe mọ. Nítorí náà, ẹni tó fọwọ́ síwèé tí ọ̀rọ̀ ò yé lè má tíì gbà ohunkóhun. Ẹ̀rí lásán ni ìwé náà pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan wáyé. Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà ò bá wáyé, ẹ̀rí kí ló kù?

Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é bí eré ní kíláàsì. Ẹnì kan á ṣe ìyá tó ní ìju, ẹnì kejì á ṣe dókítà, Yorùbá nìkan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan tó mọ̀wé gan-an dìde, ó kí ìyá náà dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀: "Mà, wọ́n á ṣe myomectomy fún yín." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ: "Wọ́n á yọ àwọn kókó tó wà nínú ilé ọmọ yín." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá náà, ọmọbìnrin kan tó ti wé gèlè kalẹ̀, ní: "Ṣé wọn ò ní yọ ilé ọmọ náà mọ́ ọn?" Ọmọkùnrin náà yíjú sí mi. Ó mọ èsì ẹ̀ lédè òyìnbó: bí ẹ̀jẹ̀ bá yà tí kò dá, ó lè di dandan kí wọ́n yọ ilé ọmọ kí obìnrin náà má bàa kú. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì rò ó rí pé òun ló máa sọ ọ́ síta lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo ní kó má wò mí, ìyá ni kó wò.

Bí mo ṣe ń bá a wí yẹn, ojú ń ti èmi náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n rán mi sí ìyá àgbàlagbà kan lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀ ku ọ̀la. Mo di àtàǹpàkò ẹ̀ mú, mo tì í bọ inú tàdáwà, mo gbé e lé ìwé. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé owó tí mo san lánàá ni mò ń tẹ̀ka sí?" Rìsíìtì ló rò pé ó jẹ́. Èèyàn mẹ́ta ṣì kù tí mo fẹ́ gba tiwọn. Mo ní, "Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, màmá." Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ó lọ sílé ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Títí dòní, mo ṣì ń rí àwọ̀ búlúù yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná ẹ̀.

Àbí kí la fẹ́ reti, nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ jẹ́ "lọ gba consent lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀dì kẹfà"? Bí ẹni lọ gba gbèsè. Ọmọ kékeré inú iṣẹ́ tí kò ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà rí ni wọ́n sì sábà máa ń rán. Ẹni tó máa di abẹ mú, tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà débi tó lè dáhùn ìbéèrè, ló yẹ kó jókòó ti aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ náà ń kọ́? Wọ́n gbà gbọ́ níbí pé bí ọkọ ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó. Obìnrin tó ti dàgbà, tí orí ẹ̀ pé, tó lè sọ̀rọ̀, òun ló ni ara ẹ̀ lójú òfin. Kó bá ọkọ àti ìyá ọkọ jíròrò dáa, àṣà wa nìyẹn, èmi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni kó o dànù. Ṣùgbọ́n kí obìnrin máa rọbí, kó ti gbà pé kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí òun, kí gbogbo ilé ìwòsàn wá máa pe fóònù ọkọ tó wà lóko, òfin ò ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní kíláàsì mi ni ti Dókítà Okonkwo. Lọ́dún 1991, obìnrin Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Ó fọwọ́ síwèé pé òun ò fẹ́. Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ wà dá a sílẹ̀, ọkọ ẹ̀ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Okonkwo, tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà. Ó tọ́jú ẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Obìnrin náà kú. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àwọn dókítà dá Okonkwo lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fóṣù mẹ́fà. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ìgbìmọ̀ sì gbé e lọ Kóòtù Tó Ga Jùlọ. Lọ́dún 2001, Adájọ́ Emmanuel Ayọ̀ọlá, ọmọ Iléṣà wa níbí, ló ka ìdájọ́: bí àgbàlagbà tí orí ẹ̀ pé bá mọ ohun tó ń kọ̀, dókítà ò lè fipá tọ́jú ẹ̀, bó bá tilẹ̀ rí i pé ikú ló máa já sí.

Àwọn ọmọ máa ń bínú. "Mà, ṣé ká máa wò ó kó kú ni?" Mi ò bá wọn wí fún ìbínú yẹn, ẹni tí kò bá bí nínú kò yẹ níṣẹ́ ìwòsàn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni pé ìwé tí obìnrin yẹn fọwọ́ sí nítumọ̀ torí pé ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó lè sọ "rárá" tí wọ́n á gbọ́ ni "bẹ́ẹ̀ ni" ẹ̀ wúlò. Kódà ẹni tó ti fọwọ́ síwèé lè yí ọkàn padà lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì lọ tíátà.

Ti pàjáwìrì yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n gbé wá láti ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tí kò mọ ara ẹ̀ mọ́, tí kò sí ẹbí kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe ìbuwọ́lù ni wọ́n máa dúró dè. Òfin 2014 yẹn kan náà sọ kíkọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà ní pàjáwìrì di ẹ̀ṣẹ̀, ìdí yòówù kí wọ́n fi kọ̀.

Ó dùn mí pé agbègbè wa yìí ló mọ bí ìwé ilé ìwòsàn ṣe lè jẹ́ ti aláìsàn. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nígbà tí Dókítà David Morley ń ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, káàdì ìdàgbàsókè ọmọ tí wọ́n ń lò, ọwọ́ ìyá ló ń wà, nílé. Ìyá ló ń gbé e wá, ó ń rí bí ìlà ìwọ̀n ọmọ ẹ̀ ṣe ń gòkè. Ìwé nìyẹn tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù.

Lọ́sẹ̀ kejì tá a ṣe eré, ọmọkùnrin yẹn lọ sí wọ́ọ̀dù, ó sì gbìyànjú ohun tí mo kọ́ wọn gbẹ̀yìn: kí o tó mú bírò jáde, bẹ aláìsàn pé kó sọ ọ́ fún ọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀ nílé. Dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ náà ti ṣàlàyé tán, gbogbo èèyàn sì ti mi orí. Obìnrin náà rò ó díẹ̀, ó ní: "Wọ́n á gbé ilé ọmọ mi jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á wá dá a padà síbi tó wà." Ọmọkùnrin náà ní dókítà fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ká fọ́ọ̀mù náà bọ àpò, ó fa àga, ó jókòó.