Ara ẹ́ńjìnnì ni ìṣirò òpin àgbáálá ayé ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ṣírò bí àgbáálá ayé yóò ṣe parí kí wọ́n tó mọ̀ rárá pé ó níbẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò tí ọ̀rọ̀ náà fi wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wò.

Ní 1824, Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ń wá ìdí tí ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́ fi ń fi agbára ṣòfò. Ó rí i pé àfi kí ooru ti ibi tó gbóná lọ síbi tó tutù kí iṣẹ́ tó lè jáde lára rẹ̀. Bí ibi méjèèjì bá ti gbóná dọ́gba, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́, bó ti wù kí ooru ibẹ̀ pọ̀ tó. Ooru ò tán o, ìyàtọ̀ ló tán.

William Thomson, tí wọ́n wá ń pè ní Lord Kelvin nígbà tó yá, ò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ẹ́ńjìnnì. Ní 1852 ó kọ ọ́ pé agbára tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ ń fọ́n ká níbi gbogbo, kò sì sí bí a ṣe lè kó o jọ padà. Pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ayé yìí ò ní ṣeé gbé fún èèyàn mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hermann von Helmholtz sọ fáwọn tó wá gbọ́rọ̀ rẹ̀ ní Königsberg pé gbogbo àgbáálá ayé lọ̀rọ̀ kàn: ooru á kárí dọ́gba, ìyípadà á sì dópin. Ní 1865 Rudolf Clausius sọ ìfọ́nká náà lórúkọ, entropy, ó ní ti àgbáálá ayé ò ní yé pọ̀ sí i títí yóò fi dé góńgó.

Albert Einstein, onímọ̀ físíìsì, ní tiẹ̀ gbà pé àgbáálá ayé dúró sójú kan. Ní 1917 ó fi nǹkan kan kún ìṣirò rẹ̀ nípa òòfà, ìyẹn agbára tí àwọn nǹkan fi ń fa ara wọn, kí àgbáálá ayé má bàa yẹ̀. Alexander Friedmann, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ló tú ìṣirò yẹn wò ní Petrograd ní 1922, tó rí i pé àgbáálá ayé lè máa gbòòrò lọ láìdúró, ó sì lè gbòòrò tán kó tún sún kì padà. Ó tiẹ̀ mú iye kan tó kàn finú rò fún ìwọ̀n gbogbo ohun tó wà nínú àgbáálá ayé, ó ṣírò rẹ̀, ìyípo kan, láti ìgbòòrò dé ìsúnkì, sì gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún. Einstein kọ́kọ́ ní ìṣirò náà ò tọ̀nà, ó sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ní 1923. Friedmann kú ní 1925, ẹni ọdún 37 péré. Ó dùn mí fún un, nítorí 1929 ni Edwin Hubble, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, gbé ẹ̀rí jáde pé bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà sí wa tó ló ṣe ń sáré lọ tó.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè tó kù ni bóyá òòfà á lè fa gbogbo rẹ̀ padà. Ní 1998, ikọ̀ méjì tó ń bára wọn díje ń wọn bí eré náà ṣe ń dín kù tó. Irú ìràwọ̀ kan tó máa ń bú gbàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, torí a mọ bó ṣe ń tàn tó: bí iná tí a mọ agbára rẹ̀, bàìbàì rẹ̀ la fi ń mọ bó ti jìnnà tó. Àwọn ìràwọ̀ náà ṣe bàìbàì ju bí wọ́n ti retí lọ. Eré ò dín kù, ńṣe ló ń le sí i! Saul Perlmutter, Brian Schmidt àti Adam Riess gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2011. Ohun tó ń ti àgbáálá ayé bẹ́ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ni wọ́n ń pè ní agbára òkùnkùn.

Bó bá ń tì í lọ bẹ́ẹ̀, òtútù àti òkùnkùn ló kù, ohun tí Helmholtz ti wí láìtíì gbọ́ nípa ìgbòòrò kankan. Àmọ́ ní 2024 àti 2025, àwọn tó ń fi DESI, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ wò, ya máàpù àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ láti òkè Kitt Peak ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, sọ pé ó jọ pé agbára òkùnkùn ń rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rí wọn ò tíì kún ojú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pe nǹkan ní àwárí, wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n lọ.