Edé Tí Wọ́n Gbà Síṣẹ́ Tó Wá Di Onílé

Bí o bá sọ fún ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀ pé ẹnì kan fi owó gọbọi ra edé ẹyọ kan, tí kò sì sè é, yóò bi ọ́ bóyá orí onítọ̀hún pé. Edé tí àwa mọ̀ ni èyí tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n lọ́jà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń sin ín fún wíwò lásán, Jàpáànì sì ni àṣà náà ti gbilẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Takashi Amano ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954 ni wọ́n bí i ní Niigata, ní Jàpáànì. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń gùn nínú eré ìje kó tó sọ kámẹ́rà di iṣẹ́. Ní 1982 ó dá ilé iṣẹ́ Aqua Design Amano sílẹ̀. Kì í ṣe ẹja ló gbà á lọ́kàn, ewéko ni: ó fẹ́ kí inú àpótí gíláàsì dà bí igbó tó wà lábẹ́ omi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń mú ewéko dàgbà ló tún ń bọ́ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, irú èyí tó máa ń bo ara àmù tí a kò fọ̀. Yóò bo òkúta, yóò bo ewé, yóò wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Amano kò wá oògùn, ó gba òṣìṣẹ́. Edé odò kan tí wọ́n ń pè ní Yamato-numa-ebi ni, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ara rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ní tótòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣa ìdọ̀tí náà jẹ. Láti 1860 ni onímọ̀ William Stimpson ti fún un lórúkọ nínú ìwé, Caridina multidentata, ṣùgbọ́n "edé Amano" ni àwọn tó ń sin ín ń pè é títí dòní.

Edé yìí kò lẹ́wà lọ títí, kò sì ṣeé mú bí sí i nírọ̀rùn. Ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé inú omi oníyọ̀ kó tó padà sí odò. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀?

Edé mìíràn ló ṣí ọ̀nà ẹwà, èyí tó wá láti gúúsù Ṣáínà, tí ara rẹ̀ ní ìlà dúdú àti funfun bíi ti kòkòrò oyin. Ọmọ tirẹ̀ kì í wá omi iyọ̀. Bí ẹyin bá ti pa, edé kékeré tó pé ni yóò jáde, nínú àpótí kan náà. Nítorí náà ni olùsìn fi lè máa yan èyí tó wù ú fún ìran tó ń bọ̀. Láàárín 1990 sí 2000, Hisayasu Suzuki, olùsìn edé kan ní Jàpáànì, rí ìwọ̀nba tó pupa láàárín àwọn dúdú tirẹ̀. Bí ó ṣe rí nìyí: àwọ̀ pupa náà fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, bí bàbá àti ìyá aláwọ̀ dúdú ṣe lè bí àfín. Suzuki mú pupa gun pupa, ó tún ń ṣa èyí tó dára jù, títí ó fi rí ìran tí kò yí padà mọ́. Ó pè wọ́n ní Crystal Red.

Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sípò: S, SS, SSS. Bí funfun bá ṣe nípọn tó ni iye rẹ̀ ṣe ń lọ sókè. Èyí tó ní àmì pupa roboto kan lẹ́yìn, wọ́n ń pè é ní Hinomaru, orúkọ àsíá Jàpáànì. Ní tèmi, àṣejù ti wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn sí edé mìíràn tí wọ́n ń pè ní "cherry", tó ti Taiwan wá, tó pupa, tí kò ṣe fọ́ńté, tí tálákà náà lè sìn.

Ìlẹ̀ wa náà wà nínú ọjà yìí. Atya gabonensis ń gbé inú àwọn odò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti Nàìjíríà wà lára wọn, ó sì lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Àwọn tó ń sin ín ní òkè òkun ń pè é ní edé amùjẹ̀, "vampire". Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mú kankan lọ́wọ́: abẹ̀bẹ̀ onírun ni ọwọ́ rẹ̀, yóò nà án sínú ìṣàn omi, yóò ká a, yóò sì kó ìdọ̀tí tó bá mú sẹ́nu.