Àmì-gbẹ̀yìn ni kí a máa pè é

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba áàpù Free42 sórí fóònù rẹ̀, tí ó sì fẹ́ fi ro 3 àti 4 pọ̀ bí ó ti máa ń ṣe lórí ẹ̀rọ ìṣirò mìíràn, yóò wá bọ́tìnnì ìdọ́gba títí, kò ní rí i. Áàpù náà kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀rọ ìṣirò HP-42S, tí ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé jáde ní ọdún 1988, ni wọ́n wò ṣe é, ẹ̀rọ yẹn náà kò sì ní bọ́tìnnì ìdọ́gba, nítorí pé nọ́ńbà ni a kọ́kọ́ ń kó fún un kí a tó pàṣẹ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ìlànà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Reverse Polish Notation, tí wọ́n gé kúrú sí RPN, nìyí. Èmi ń pè é ní ìlànà àmì-gbẹ̀yìn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, nítorí orúkọ tí àwọn kan ń fún un ń ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù lọ ni "àkọsílẹ̀ Pólíìṣì alápadà". Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ báyìí kàn wọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta láṣọ Yorùbá ni, kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí etí Yorùbá yóò gbọ́. Pólíìṣì tí a mọ̀ ni èyí tí a fi ń kun bàtà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń kọ́ bi mí léèrè rí bóyá ìṣirò náà jẹ mọ́ mímú nǹkan dán, kò sì ṣàwàdà. Ohun tí orúkọ náà sọ sí i létí ni ó béèrè. Orílẹ̀-èdè Pólàǹdì ni Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka sí, nítorí Jan Łukasiewicz, onímọ̀ lọ́jíìkì ará ibẹ̀, ẹni tí ó ronú kan ọ̀nà kan ní ọdún 1924 láti máa kọ àmì ṣáájú àwọn ohun tí àmì náà ń bá ṣiṣẹ́, kí àkámọ́ má baà pọn dandan mọ́. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbé àmì lọ sí ìparí, ibẹ̀ ni "alápadà" ti jáde wá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí ń lo fóònù ni ó ti rí èyí tí àmì rẹ̀ ṣáájú rí, tí a ó fi máa sọ fún wa pé èyí ni ìyípadà rẹ̀? Àwọn tí ó fara mọ́ orúkọ yẹn ní kí a má gba ọlá Łukasiewicz lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ gbà á. Ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ ìtàn, kí orúkọ ìlànà sì máa sọ iṣẹ́ ìlànà.

Àwọn onígírámà tún gbé "ìlànà àfòmọ́ ẹ̀yìn" wá. Ó sàn ju ti pólíìṣì lọ, torí ó kúkú mẹ́nu ba ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó sì di ara rẹ̀ ni àfòmọ́, bí "a-" ti so mọ́ "pẹja" tí ó fi di "apẹja". Àmì ìròpọ̀ kò so mọ́ nọ́ńbà kankan. Ó dá dúró, ó ń pàṣẹ fún méjì nínú wọn. Bí a bá pè é ní àmì-gbẹ̀yìn, ti Łukasiewicz yóò di àmì-ṣáájú, èyí tí a kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò di àmì-láàárín, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ̀kan ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ẹ̀rọ ń kó nọ́ńbà sí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stack, ni mo ń pè ní àtòléra. N kò fara mọ́ "òkìtì" tí àwọn kan ń pè é, nítorí ènìyàn lè ti ẹ̀gbẹ́ òkìtì fa èyí tí ó bá wù ú yọ. Ẹ wo abọ́ tí obìnrin onígàárì tò léra wọn, tí gàárì díẹ̀díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti òkè ni ọwọ́ rẹ̀ lè kọ́kọ́ kàn. Bí a bá ní kí ó da gàárì pọ̀, méjì òkè ni yóò gbé, yóò dà wọ́n pọ̀ sínú abọ́ kan, yóò sì gbé abọ́ yẹn padà sórí ìyókù, láìfọwọ́ kan èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ àmì ìròpọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe (3 + 4) × (5 + 2). A ó tẹ 3, ENTER (bọ́tìnnì tí ó ń ya 3 sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ńbà tí ń bọ̀), 4, +, abọ́ kan yóò ní 7. A ó tẹ 5, ENTER, 2, +, 7 mìíràn yóò gùn ún. Bí a bá wá tẹ ×, 49 ti dé. Bọ́tìnnì 9 péré ni a tẹ̀. Àmì-láàárín, pẹ̀lú àkámọ́ àti ìdọ́gba rẹ̀, yóò gba 12. Ní ti ìyọkúrò, 10, ENTER, 4, − yóò fún wa ní 6, nítorí ti òkè ni a ń yọ kúrò nínú ti ìsàlẹ̀.

Ó wá ku ENTER, tí àwọn kan túmọ̀ sí "Wọlé", bí ẹni ń pe àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn. Lára HP-35, ẹ̀rọ ìṣirò sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tí a lè fọwọ́ kan mú, tí wọ́n ń tà ní dọ́là 395 ní ọdún 1972, ọfà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ENTER tí ó kọjú sókè. Ohun tí bọ́tìnnì náà ń ṣe ni ọfà yẹn ń sọ: ó ń gbé àwọn nọ́ńbà sún sókè (ẹ̀rọ náà ń to tirẹ̀ ní òdìkejì abọ́ wa, ìsàlẹ̀ ni nọ́ńbà tuntun máa ń wà), ó sì ń fi ẹ̀dà èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ de èyí tí ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní "Gbé e sókè". Ẹni tí a bá sọ fún pé "Wọlé" ni, yóò rò pé kò sí nọ́ńbà tí kò gbọdọ̀ wọlé, yóò tẹ 3, ENTER, 4, ENTER, +, ẹ̀dà 4 yóò sì bá 4 pàdé. 8 ni fóònù rẹ̀ yóò fi hàn án, yóò sì máa dá áàpù lẹ́bi.