Kernel Linux ò kì í wo aago, ìṣirò ló ń ṣe

Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé aago kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, máa ń yọjú wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í pé aago mélòó ló lù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aago oníbátìrì yẹn wà lóòótọ́, òun ló ń ka àkókò lọ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan, tàbí tó ń jí lójú oorun, ni Linux máa ń kà á, tó bá ti kà á tán ó ti bá tiẹ̀ lọ. Kódà tí NTP, ètò tó ń gba àkókò tó péye láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bá ti ń ṣiṣẹ́, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kernel gan-an ló ń tún aago yẹn tò, bíi ìṣẹ́jú 11 síra wọn.

Kí wá ni kernel ń lò? Kíkà. Lórí processor Intel àti AMD, òǹkà kan wà tí wọ́n ń pè ní TSC, kò mọ ọjọ́, kò mọ oṣù, kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú, iye rẹ̀ ṣáà ń lọ sókè ni. Ká ní 2.5 GHz ló fi ń sáré, ìyẹn bílíọ̀nù méjì àbọ̀ nínú sẹ́kọ́ńdì kan, a jẹ́ pé ẹyọ kan jẹ́ 0.4 nanosecond (nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì). Ibi tó ti wá dùn nìyí.

Ẹ mú ẹyọ TSC bíi dọ́là, kí ẹ mú nanosecond bíi náírà. Kernel nílò iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, òun ni 0.4 yẹn. Àmọ́ kernel kì í fẹ́ fọwọ́ kan nọ́ńbà tó ní pọ́íǹtì, pínpín náà sì máa ń gba processor lásìkò. Nítorí náà wọ́n ti kọ́kọ́ sọ 0.4 di odidi: 16,777,216 lọ́nà 0.4, ó di 6,710,886, èérún tó kù dànù. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣẹ́ ẹyọ TSC mélòó kan, wọ́n á sọ ọ́ lọ́nà 6,710,886, wọ́n á wá ti àbájáde ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń fi 0 àti 1 kọ, sọ́wọ́ ọ̀tún ní ipò 24. Títì yẹn, pínpín sí 16,777,216 náà ni, àmọ́ wéré ló ń parí. Nínú kóòdù, mult ni orúkọ 6,710,886 yẹn, shift sì ni ti 24.

Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là á yí, dandan ni, torí kírísítálì tó ń darí òǹkà yẹn kì í péye, ooru nìkan tó láti yí eré ẹ̀ padà. NTP á wá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún kernel pé o ti ń kẹ́yìn. Tí ìyàtọ̀ bá kéré, wọn ò ní fo aago síwájú o, mult ni wọ́n máa bù díẹ̀ lé, tí aago bá sì ti ṣáájú wọ́n á bù díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ adjtime, àṣẹ tó ń tún aago ṣe díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n fi pàṣẹ, àtúnṣe náà kì í ju 500 microsecond (ìdá 500 nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì) lọ nínú sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà aago tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì kẹ́yìn á lo 200 sẹ́kọ́ńdì kó tó bá ẹgbẹ́ ẹ̀, kò ní fò, kò sì ní padà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ́ dọ́là lánàá ò lè tìtorí pé dọ́là wọ́n lónìí kó lọ máa tún owó àná kà. Kernel náà mọ èyí. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹyọ tí TSC ti kà láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tan ló ń sọ lọ́nà mult tuntun, àkókò á fò lójijì. Nítorí náà, èyí tí wọ́n ti ṣẹ́, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ: wọ́n á kó nanosecond ẹ̀ pa mọ́, wọ́n á sàmì síbi tí òǹkà dé, tí wọ́n ń pè ní cycle_last, iye tuntun á wá ṣiṣẹ́ lórí kìkì ẹyọ tó bá wọlé lẹ́yìn àmì yẹn. Nínú gbogbo kóòdù àkókò Linux, ibí yìí ló mọ́gbọ́n dání jù.

Ibi tí kò mọ́gbọ́n dání tó nígbà kan ni kí ẹ̀ka méjì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ kan náà. Ní 30 oṣù kẹfà 2012, wọ́n fi sẹ́kọ́ńdì kan kún àkókò àgbáyé, aago kan òru mọ́jú 1 oṣù keje ló jẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àkókò ṣe tiẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ hrtimer, tó ń jí ètò tó bá ní kí wọ́n jí òun, ní ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Bó ṣe fi sẹ́kọ́ńdì kan ṣáájú nìyẹn. Ètò tó bá fi aago ojú ògiri, CLOCK_REALTIME, sọ pé kí wọ́n jí òun lẹ́yìn ìdajì sẹ́kọ́ńdì, lójú hrtimer àsìkò ẹ̀ ti kọjá, wọ́n á jí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á tún sùn, wọ́n á tún jí i, títí processor á fi máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Àwọn tó lo CLOCK_MONOTONIC ní tiwọn, tí ẹnikẹ́ni ò lè tún tò, sùn dáadáa.

Àṣẹ tí wọ́n fi wò ó sàn nìyí:

date -s "$(date)"

Wọ́n kàn ní kí ẹ̀rọ gbé aago sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti tún aago tò, kernel á pe clock_was_set, ìyẹn ló wá lọ sọ fún hrtimer pé kó tún ẹ̀dà ọwọ́ ẹ̀ ṣe.