Jíjò ọ́ìlì àti ìṣòro epo lára ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀

Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi láti ìta, tí orí rẹ̀ wà lókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti pùròpélà sì wà nínú omi. Ole Evinrude, tí wọ́n bí ní Norway, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1909. Yamaha ti Japan ṣe àkọ́kọ́ tirẹ̀ lọ́dún 1960. Irú àtijọ́ tó jẹ́ two-stroke oní-kábúrétọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí níbí: two-stroke ni èyí tó ń dáná ní gbogbo ìgbà tí písítínì rẹ̀ bá gòkè, kábúrétọ̀ sì ni ohun tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni Yamaha Enduro 40, oní-sílíńdà méjì, 703 cc, tó ń ti ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ èrò lórí ọ̀sà Èkó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Àgbádárìgì àti lójú omi Ìlàjẹ. Òfin èéfín tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1996 ti lé irú ẹ́ńjìnnì yìí kúrò lórí àtẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tà á ní tuntun nílẹ̀ Áfíríkà, débi pé ẹ́ńjìnnì “àtijọ́” lè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí lónìí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, “epo” ni bẹntiróòlù, “ọ́ìlì” sì ni ohun tó ń mú kí irin máa yọ̀ lórí ara wọn.

Two-stroke kò ní àwo tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Inú epo ni wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́. Ìwọ̀n 50:1 ló wọ́pọ̀, ìyẹn ìdajì lítà ọ́ìlì sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lítà 25. Fún ẹ́ńjìnnì tuntun, ìlọ́po méjì ọ́ìlì náà ni wọ́n ń fi sí i ní wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́. Àdàpọ̀ yìí ń gba inú ilé kíráńkì, ọ̀pá tí písítínì ń yí, kọjá, ó ń fi ọ́ìlì pa bẹ́árín àti písítínì lára, kó tó wá jóná. Nítorí náà, ọ́ìlì tó léfòó lójú omi lẹ́yìn irú ẹ́ńjìnnì yìí lè má jẹ́ jíjò rárá, torí epo tó ń bá èéfín jáde láìjóná lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ohun tó burú jù, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í kà sí, ni pé níbi tí epo kò bá ti tó, ọ́ìlì náà kò tó. Agbára ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń dín kù, inú rẹ̀ sì ń gbẹ: písítínì á gbóná, á ha, á lẹ̀ mọ́ sílíńdà, orí rẹ̀ tilẹ̀ lè yọ́. Ẹni tó ní “ó kàn ń wúkọ́ díẹ̀ ni”, tó sì tẹ̀ ẹ́ lọ sójú òkun, ń fi odidi ẹ́ńjìnnì ta tẹ́tẹ́ nítorí rọ́bà olówó pọ́ọ́kú.

Ọ́ìlì wo ló ń jò?

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, wọ́n á nu ara ẹ́ńjìnnì mọ́, wọ́n á gbé e nàró, wọ́n á sì tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gíà ọ́ìlì máa ń ki, ó sì ní òórùn bí imí ọjọ́ tó ń ta ni nímú. Àdàpọ̀ epo àti ọ́ìlì ṣàn ju ìyẹn lọ, òórùn bẹntiróòlù ló sì ń mú wá. Ohun dúdú tó ń fà bí ọ̀dà, tó ń sun láti ihò èéfín tàbí láti ibi tí orí ti pàdé ẹsẹ̀, jẹ́ ọ́ìlì tí kò jóná tán tó ta jọ sínú ẹsẹ̀. Ó máa ń pọ̀ bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù nínú epo, tàbí bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ tí kò gbóná tó. Níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ní ohun tó ń fi ọ́ìlì gbé e sókè sódò, ó yẹ kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ náà.

Ọ́ìlì tó ní àmì TC-W3 ni wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì yìí; bó bá jóná, kì í fi eérú sílẹ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pàápàá èyí tí mẹkáníìkì ti fà kúrò nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, máa ń fi eérú sílẹ̀ lórí písítínì àti pọ́lọ́ọ̀gì. Ó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní “ẹ́ńjìnnì ń jò” tó jẹ́ pé ọ́ìlì burúkú yìí ló fà á.

Àpótí gíà

Àpótí gíà, nísàlẹ̀ pátápátá, ni jíjò tòótọ́ ti wọ́pọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń dúró sójú kan nínú two-stroke. Síìlì, òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, wà ní ọ̀pá pùròpélà, ní ọ̀pá tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì àti ní ọ̀pá tó ń yí gíà. Wáṣà, òrùka pẹlẹbẹ kékeré, sì wà lábẹ́ sukúrù méjì tí wọ́n ń tú bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Wáṣà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo ọ̀kan náà títí á fi pẹlẹbẹ. Síìlì pùròpélà ló tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀sà tí àwọ̀n pọ̀ sí, okùn ọ̀rá àwọn apẹja máa ń wé mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn pùròpélà, á gbóná, á sì gé ètè síìlì bí abẹ. Láìyọ pùròpélà kò sẹ́ni tó lè rí i.

Ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde ni omi ń gbà wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti nàró mọ́jú, wọ́n á tú sukúrù ìsàlẹ̀ díẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló sì máa kọ́kọ́ jáde bó bá wà níbẹ̀. Ọ́ìlì tó bá funfun bí omi ògì ti gbomi mu. Èyí tó dúdú lásán ti gbó ni. Lẹ́búlẹ́bú irin díẹ̀ lẹ́nu sukúrù kò ní kéèyàn fòyà, àmọ́ èérún tí ọwọ́ lè mú fi hàn pé eyín gíà ti ń fọ́. Láti mọ ojú ibi tó ń jò gan-an, wọ́n máa ń fa ọ́ìlì náà tán, wọ́n á fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ìfúnpá rẹ̀ tó psi 10 sí 15 sínú àpótí náà, wọ́n á sì rì í sínú omi kí wọ́n lè rí ibi tó ń hó. Láti ihò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì tuntun sí i títí yóò fi yọ ní ihò òkè. Ẹni tó bá rọ ọ́ láti òkè á sé afẹ́fẹ́ mọ́nú, á sì rò pé ó ti kún.

Síìlì òkè kíráńkì yàtọ̀ díẹ̀. Bó bá gbó, abẹ́ fuláíwíìlì á máa tutù fún ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ epo níbi tí kò yẹ. Ó lè máa sáré fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa ọwọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni písítínì rẹ̀ ń gbẹ jù.

Ọ̀nà tí epo ń gbà

Epo ń ti inú táǹkì gba rọ́bà, ó gba bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún, fílítà àti páǹpù, kó tó dé kábúrétọ̀. Àìmọye kábúrétọ̀ ni wọ́n ti tú palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìdérí táǹkì ni wọn kò ṣí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Àmì ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á kú, á sì tún ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ti ṣí ìdérí, tí afẹ́fẹ́ sì dún wọlé. Ọ̀nà tó yá jù láti pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì ni kí wọ́n yá táǹkì àti rọ́bà ẹlòmíràn tó ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú epo tuntun. Bí àìsàn náà bá lọ, inú táǹkì tàbí rọ́bà ti àkọ́kọ́ ló wà.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà yẹn ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀. Bó bá rún wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nǹkan dí láàárín òun àti táǹkì. Bí wọ́n bá fún un títí tí kò le, bóyá rọ́bà ń fa afẹ́fẹ́, bóyá fááfù inú rẹ̀ ti kú, bóyá sì ni abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ kò pa ẹnu dé, tí epo ń kún jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ, tí fífún bọ́ọ̀lù náà sì ń jí i, páǹpù ni kí wọ́n tú. Awọ rọ́bà kan wà nínú páǹpù yìí tí afẹ́fẹ́ ilé kíráńkì ń tì síwá sẹ́yìn. Bó bá ya, epo tútù á máa ṣàn sínú ilé kíráńkì. Rọ́bà tí ojú lè rí inú rẹ̀ tí wọ́n fi pààrọ̀ èyí tó dúdú fúngbà díẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n rí i bí afẹ́fẹ́ bá ń hó nínú epo.

Nínú kábúrétọ̀, wọ́n á tú sukúrù ìsàlẹ̀ àwo rẹ̀, wọ́n á gba epo ibẹ̀ sínú ìgò funfun. Omi á jókòó sísàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń po ẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí líle kan, mọ́ epo, bí E10 ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ́tánọ́ọ̀lù náà máa ń fa omi mọ́ra, á sì bá a rọ̀ sísàlẹ̀. Epo tó pẹ́ nínú àwo máa ń di gọ́ọ̀mù dí àwọn ihò tín-ín-rín. Ihò kékeré ló dí bí ẹ́ńjìnnì kò bá lè rọra ṣiṣẹ́. Ihò ńlá ló dí bó bá rọra ṣiṣẹ́ tí kò lè sáré. Èyí tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí wọ́n bá fa ṣóòkì, ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i, kò rí epo tó, kò sì yẹ kí wọ́n máa gbé e rìn bẹ́ẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ á funfun; ti ẹ́ńjìnnì tí epo ń pọ̀ fún á tutù, á sì dúdú.

Bí gbogbo èyí bá dára síbẹ̀, wọ́n á wọn ìfúnpá sílíńdà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí èkejì, epo kọ́ ni olórí àìsàn mọ́.

Wọn kì í tan ẹ́ńjìnnì náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí rọ́bà páǹpù omi rẹ̀ á jóná láìpẹ́. Inú dúrọ́ọ̀mù omi ni wọ́n ti ń dán an wò, lójú gbangba tí èéfín bẹntiróòlù kò ti lè kó jọ. Àmọ́ àìtó epo kì í sábà hàn nínú dúrọ́ọ̀mù, torí kò sí ẹrù lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀. Orí omi ni ó ti ń hàn, nígbà tí ọkọ̀ bá kún, tí ẹnì kan ń tu ọkọ̀, tí ẹnì kejì sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó di bọ́ọ̀lù rọ́bà mú lọ́wọ́.