Ìlọrin sí Àbújá: Ìṣẹ́jú 22 Tó Di Wákàtí Kan

Ẹni tó wọkọ̀ ní Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́, tó fẹ́ lọ wọ bààlúù ní Ìlọrin, á rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé bíi wákàtí kan ni wọ́n kọ fún Àbújá. Bẹ́ẹ̀, bààlúù ńlá tó ti dé òkè réré ń sá tó 850 kìlómítà ní wákàtí kan, Ìlọrin sí Àbújá ò sì ju bíi 310 lọ. Ìṣẹ́jú 22 péré nìyẹn. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

Ká kọ́kọ́ wo 310 yẹn fúnra rẹ̀. Wọn ò fi títì wọ̀n ọ́n. Pápákọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà méjì tí wọ́n ń fi dígírì kà: ọ̀kan ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì, èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, kọjá. Ti Ìlọrin jẹ́ 8.44 àti 4.49, ti Àbújá, 9.01 àti 7.26. Dígírì kan sí àríwá tó bíi 111 kìlómítà, nítorí náà Àbújá fi bíi 63 kìlómítà wọ àríwá ju Ìlọrin lọ, ó sì fi bíi 304 sún sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá rántí ìṣirò Pythagoras nílé ìwé, 310 náà ló máa bá níbẹ̀. Ìṣirò yìí ò ní gbà fún Èkó sí New York, tó lé ní 8,400, torí ayé rí roboto.

Ní ti àkókò, aago tíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ìgbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà tí bààlúù bá ti kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń kà á, títí á fi dúró pátápátá lọ́hùn-ún. Á rọra yí lọ sí ránwéè, wọ́n sì lè ní kó jẹ́ kí òmíràn balẹ̀ ná. Tó bá gbéra tán, tí kò tíì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000, òfin lọ́pọ̀ ibi ò gbà á láyè kó sá ju bíi 460 kìlómítà ní wákàtí. Gígòkè nìkan lè gba ìṣẹ́jú 15, wíwálẹ̀ náà ní tirẹ̀. Lórí ọ̀nà kúkúrú bí èyí, kò ní pẹ́ lórí eré àsápajúdé yẹn tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Iléeṣẹ́ náà á tún bu ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e, kí wọ́n má bàa sọ pé wọ́n pẹ́.

Tí ẹni tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ bá fẹ́ lọ wọ bààlúù ní Ìbàdàn dípò Ìlọrin ńkọ́? Ìbàdàn sí Àbújá jẹ́ bíi 405 kìlómítà. Lójú òfurufú, ìyàtọ̀ náà ò ju ìṣẹ́jú méje lọ. Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ sí pápákọ̀ Ìlọrin ò tó 60 kìlómítà, ti Ìbàdàn sì ń lọ sí 100, lórí títì tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé. (Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ládòkè Akíntọ́lá, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ Ìbàdàn o, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó sún mọ́lé.) Ìlọrin ló yá, àfi tí kò bá sí bààlúù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.